Ohùn ta ni «Ṣeun Rere»? Ìdájọ́ àwọn olùgbọ́ ní Bassila àti Manigri lórí orin òṣèré kan

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé kò tóbi. Bí òṣèré kan bá gbé orin jáde ní èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, kí ni olùgbọ́ ń dá lẹ́jọ́? Ṣé orin náà ni, àbí èdè náà, àbí ẹni tí ó ń kọ ọ́? Orin kan ṣoṣo ni mo fi ń wò ó, «Ṣeun Rere» tí Christy Essien-Igbokwe kọ sínú àwo orin rẹ̀ Ever Liked My Person? ní ọdún 1981. Lemmy Jackson ló darí iṣẹ́ àwo náà, Afrodisia ló gbé e jáde. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà kò nílò kí n ṣàlàyé orin náà fún òun. Orin ìmọ̀ràn ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí a fi ń sọ fún ọmọ pé kí ó hùwà rere kí ó sì mọ iyì òbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi kọ́ ọmọ wọn nílé lónìí kò tíì dáyé nígbà tí ó jáde.

Christy kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Ibibio ni, wọ́n bí i ní ọdún 1960 ní apá ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2011. Ó kọrin ní Ibibio, Efik, Igbo, Hausa, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ààrẹ PMAN, ẹgbẹ́ àwọn olórin Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òṣèré ni pẹ̀lú. Àwọn tí ó ń wo The New Masquerade lórí tẹlifíṣọ̀n NTA mọ̀ ọ́n sí Apena, aya Jegede Shokoya. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí nínú eré yẹn, èdè gan-an ni àwàdà. Zebrudaya, tí Chika Okpala ṣe, ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. Jegede ń sọ tirẹ̀ bí ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Claude Eke tí ó ṣe Jegede kì í ṣe Yorùbá. Agbo eré tí ènìyàn ti ń gbé ohùn ẹ̀yà mìíràn wọ̀ bí ẹ̀wù, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, ni wọ́n ti mọ ojú Christy. Nínú «Ṣeun Rere» ó gbé ohùn ẹ̀yà mìíràn wọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn tí ń kọ̀wé lórí orin Yorùbá ti bi ara wọn léèrè tipẹ́.

Kí ló wá kan Bassila àti Manigri níbẹ̀? Manigri wà lójú títì tí ó lọ láti Cotonou sí Djougou. Bí a bá ń ti Bantè bọ̀, òun ni a ó kọ́kọ́ kàn kí a tó dé Bassila, tí ó jẹ́ olú kọ́múnù wa ní ẹkùn Donga. Ní Bassila, Anii ni èdè onílẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ àwọn èdè orí òkè Gánà àti Tógò. Kò bá Yorùbá tan tímọ́tímọ́. Àwọn Kotokoli náà wà níbẹ̀. Ní Manigri, Nàgó ni a ń sọ, irú èyí tí wọ́n ń sọ ní Kambolé lápá ọ̀hún ibodè Tógò. Ethnologue kà á sí èdè kan gedegbe, ó pè é ní Ede Nago ti Manigri-Kambolé, ó sì fún un ní àmì xkb. Àmì Yorùbá ni yor. Nítorí náà, lójú ìwé yẹn, èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè tí ọmọ Ibibio kan kọ́ tí ó sì fi kọrin, Yorùbá ni.

Èmi kò sọ pé ìwé náà purọ́. Àwọn tí ó ṣe ìpín yẹn wo bí olùsọ èdè méjì ṣe ń gbọ́ ara wọn yé sí, ohun tí ó ṣeé wò ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìpín náà ń dé etí àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Faransé nìkan ni wọ́n fi kọ́ èmi àti ẹgbẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo kọ́kọ́ di ìwé Yorùbá mú, ọjọ́ tí mo sì ka ojú ewé kan sókè, olùkọ́ kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ohùn mi «dàbí ti àwọn ará oko». Inú mi kò dùn, mi ò ní parọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fẹ́ mọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé Yorùbá ẹnì kan dára.

Lákòókò tí wọ́n ń ṣa kajú, tí àwọn ènìyàn máa ń jókòó pẹ́ nídìí àpò lálẹ́ tí wọ́n ń dúró de oníbàárà, mo gbé orin náà fún àwọn ará ilé, aládùúgbò àti ojúlùmọ̀ gbọ́ lórí fóònù, ní Manigri lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Bassila. Mi ò ka iye wọn, mi ò sì ní fi nǹkan kan dá ìṣirò. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo dá ni pé mi ò sọ orúkọ akọrin fún ẹnikẹ́ni títí orin fi parí tí wọ́n sì ti sọ èrò wọn. Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ fún wọn pé òṣèré ni, pé Ibibio ni, pé ilé rẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montréal ní 1960 á ti mọ ibi tí mo yá a: wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan náà sọ̀rọ̀ ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, àwọn olùgbọ́ sì fún un ní ìwà méjì. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀: ohùn kan náà ni, orin kan náà ni, ohun tí olùgbọ́ mọ̀ nìkan ni ó yí padà.

Kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ kí wọ́n tó mọ̀.

Bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún gbọ́ ọ dópin, ó ní: «Èdè àwọn Èkó nìyẹn. Ó mọ́. Ó mọ́ jù.» Mo bi í pé ṣé ìyẹn kò dára ni. Ó ní: «Ọmọ mi, omi tó mọ́ jù, ó yẹ kí o bèèrè ibi tí wọ́n ti fà á.» Gbólóhùn yẹn ni mo rò lé lórí jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́. Nínú ẹ̀kọ́ wa, «mọ́» ni a fi ń yin èdè tí kò ní àbùkù. Lẹ́nu bàbá yìí, ó jẹ́ àmì pé ẹni tí ń sọ ọ́ kọ́ ọ ni, kò bá a bí i. Ó gbọ́ ọ kí n tó sọ fún un. Kò sọ pé àṣìṣe kan wà níbẹ̀. Àìsí àṣìṣe ni ó fi mọ̀. Ìyá kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbà. Ó ní kí bàbá má bínú, ohùn obìnrin yìí ohùn ìyá ni, ìyá kì í ní ìlú. Alfa kan ní orin náà ṣe wáàsí ju wáàsí òun lọ, pé bí òun bá ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, mọ́ṣáláṣí ì bá ti kún.

Ìyá mìíràn tún wà, ẹni tí wọ́n fẹ́ wá sí Manigri láti Bantè. Òun ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá orin náà lọ. Ṣùgbọ́n ní ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣ. C ni ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa kò ní yà sí i: orúkọ àwọn ìlú pàápàá fi í hàn, Ṣábẹ̀ẹ́ ni Caabɛ, Ìdáìṣà ni Idaaca, àwọn tí ìwé ń pè ní Ìṣà ni Ica. Kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ nínú àkọlé orin yìí ni a lè fi pín ilẹ̀ Yorùbá sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn láìwá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá náà kò sì mọ̀ pé òun ti yí nǹkan kan padà. Nígbà tí mo bi í pé ṣé bí akọrin ṣe pè é nìyẹn, ó wò mí bíi pé mo ti ń kàwé jù. «Ohun tó sọ náà ni mo sọ.» Ó gbọ́ ṣ, ó sọ c, ó sì dá a lójú pé ọ̀kan ni. Àwọn tí ń jiyàn bóyá a ń gbọ́ ara wa yé, ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí.

Ní Bassila, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn lọ. Àwọn tí ó ń sọ Anii kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àyàfi àwọn tí ọjà ti kọ́ ní Nàgó díẹ̀. Ohùn àti ìlù nìkan ni wọ́n dá lẹ́jọ́, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọ̀dọ́ Manigri tí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà, àwọn onízèmíjàn ní pàtàkì, ní ó lọ́ra, pé orin tí ń báni wí kò ṣeé gbọ́ lórí ọ̀kadà. Ọkùnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ tàn, ó sì sọ ohun tí mi ò retí: ó ní ó rán òun létí orin kọ́ńtírì. Ó ní nílé tí òun gbé ní Èkó, Jim Reeves ni wọ́n ń fi lélẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Don Williams lálẹ́, «Ṣeun Rere» láàárín wọn, òun kò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó so wọ́n pọ̀ wà níbẹ̀: ìtàn tàbí ìmọ̀ràn tí a ń sọ kedere, láìyára, tí ìlù kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Gúúsù Nàìjíríà fẹ́ràn kọ́ńtírì lọ́nà tí ó máa ń ya àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Faransé lẹ́nu. Nílé tiwa, rúńbà Kóńgò ni. Ẹ gbọ́ gìtá irin tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta fún Sunny Adé nínú Juju Music ní 1982. Láti ọwọ́ àwọn olórin kọ́ńtírì ni irinṣẹ́ yẹn ti wá, ó sì jókòó sínú jùjú láìtọrọ àyè. Bí gìtá bá lè ṣe é, kí ló dé tí ohùn kò fi lè ṣe é?

Ní báyìí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo sọ fún wọn. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún kò yí ìdájọ́ rẹ̀ padà, ó kàn mi orí. Ìyá tí ó ní ìyá kì í ní ìlú kò yí tirẹ̀ padà pẹ̀lú. Àwọn tí ó yí padà ni àwọn tí ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó ti ṣe baccalauréat, tí ó sọ tẹ́lẹ̀ pé «Yorùbá tòótọ́» nìyí, kì í ṣe bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àléébù lójijì. Ó ní kí n tún un gbé sí i. Ó ní níbí yìí, ẹ ò gbọ́ bí ó ṣe fà á? Mo gbé e sí i, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Ó ní òun kò tíì mọ̀ pé kí òun wá a. Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn mìíràn ṣe òdìkejì: orin tí wọ́n kà sí ọ̀rọ̀ ìwé tẹ́lẹ̀, wọ́n wá yìn ín, pé àlejò tí ó sapá tó báyìí, ó tó yẹ́ sí. Yálà wọ́n yìn ín tàbí wọ́n bú u, wọ́n ti kúrò lórí orin. Ẹni tí ń kọ ọ́ ni wọ́n ń wò.

Nípa àwọn òṣèré, èyí kì í ṣe ohun tuntun. Nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó dárúkọ kọ́ńtírì, mo gbé àwo kan tí ó jìnnà sí wa fún àwọn onízèmíjàn Bassila gbọ́: Down in a Hole, tí Kiefer Sutherland, ọmọ Kánádà, gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, orin kọ́ńtírì mọ́kànlá. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Jack Bauer inú «24 heures chrono» jẹ́ ẹni ilé fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni orin náà, wọn kò gbọ́ ọ. Kí n tó sọ ẹni tí ó jẹ́, èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ ni pé ohùn rẹ̀ ha, pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ, kò kọrin; ẹnì kan ní ohùn ẹni tí ayé ti nà ni, pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn, ẹ̀rín bẹ́. Ẹnì kan ní Jack Bauer kò lè máa sunkún nítorí ọtí, kò ní àkókò. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó gbọ́ orin mọ́. Jack Bauer ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn alárìíwísí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò ṣe ju báyìí lọ. Nígbà tí àwo náà jáde, èrò wọn pín sí méjì, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn kò sì lè kọ ìlà mẹ́ta láìdárúkọ tẹlifíṣọ̀n. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti Christy ni pé ojú tirẹ̀ ti dé Bassila ṣáájú ohùn rẹ̀. Ojú Apena kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ní Manigri ni a ti lè gbọ́ «Ṣeun Rere» láìrí òṣèré, mo sì rò pé ìyẹn jẹ́ àǹfààní tí Èkó kò ní.

Èrò tèmi lórí orin náà ńkọ́? Mo fara mọ́ bàbá náà, mo sì yà sí ọ̀nà kan. Lóòótọ́, Yorùbá Christy mọ́ bí ọ̀rọ̀ tí a ti fọ̀ tí a ti lọ̀. Ṣùgbọ́n orin ìmọ̀ràn ni, ìmọ̀ràn sì nílò ìyẹn. Ẹni tí ń bá ọmọ wí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Òṣèré mọ bí a ṣe ń sọ gbólóhùn kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn lè gbọ́, iṣẹ́ náà ni ó gbé wá sínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Níbi tí àwọn kan ti gbọ́ àlejò, mo gbọ́ òṣèré. Èyí tún jẹ́ ìdí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn olùkó-rẹ́kọ́ọ̀dù-jọ ní Yúróòpù, tí wọ́n fẹ́ràn «You Can't Change a Man» inú àwo kan náà nítorí ijó. Orin ijó dáadáa ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó lè kọ ọ́ lọ́dún yẹn. «Ṣeun Rere» ni ẹlòmíràn kò lè kọ bẹ́ẹ̀, Yorùbá tí ó bí i kò lè ní ìṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ láti kékeré.

Ó kù díẹ̀ nípa àkọtọ́, nítorí ó wọ ọ̀rọ̀ náà. Nàìjíríà ń kọ ẹ, ọ, ṣ. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ɛ, ɔ, sh. Níbi tí wọ́n bá ti tẹ àkọlé orin yìí láìsí àmì lábẹ́, bí ó ti wọ́pọ̀, «Seun Rere» ni. Ẹni tí ó bá fi álífábẹ́ẹ̀tì tiwa kà á, s gidi ni yóò pè. Ìyá Bantè á pe c, Èkó á pe ṣ, ẹni tí ó kàwé ní Bẹ̀nẹ̀ á pe s, àkọlé kan náà ni. Nígbà tí Adétugbọ̀ pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí àgbègbè mẹ́ta ní 1967, Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú àkọlé rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń lò ó bí ẹni pé ilẹ̀ Yorùbá parí sí ibodè. Ní 1989, Capo, ọmọ ilẹ̀ wa, kó gbogbo wa jọ sábẹ́ orúkọ kan láti Atakpamé dé ìlà-oòrùn pátápátá. Iṣẹ́ méjèèjì wúlò fún mi. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ ohun tí mo lè ṣe fún ìyá kan tí ó gbọ́ ṣ, tí ó sọ c, tí ó sì ní ohun kan náà ni.

Mo ti kó àwọn ohùn tí mo gbà sílẹ̀ jọ fún ibi ìpamọ́, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó ni wọ́n. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní kí n kọ àmì èdè lẹ́tà mẹ́ta síwájú ohùn kọ̀ọ̀kan, kì í sì í gba ju ọ̀kan lọ. Fún àwọn ará Bassila tí ó sọ èrò wọn ní èdè wọn, mo kọ blo. Fún àwọn bàbá Manigri, xkb. Fún «Ṣeun Rere» tí ó ń dún lẹ́yìn wọn, yor. Fún ìyá Bantè, ica ni ìwé ní kí n kọ, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì wà nínú ohùn náà tí kò sọ̀rọ̀, tí ó ń bá Christy kọrin, ọ̀rọ̀ kan náà, ní àkókò kan náà, ohùn méjèèjì lórí ara wọn. Àyè ìṣẹ́jú méjì yẹn ṣì ṣófo nínú fọ́ọ̀mù náà.